Ta Ló Kó Igbó Bàbá Phut Lórí Okùn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, mo kí yín o. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́, ẹ kú oúnjẹ. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀, ẹ ó gúnlẹ̀ ire. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, òótọ́ ni, kì í ṣe àlọ́. Nong Hin níbí ló ti ṣẹlẹ̀, létí odò Mekong, lọ́dún tí ìjọba sọ pé igbó tí wọ́n ti ń torí ẹ̀ kó èèyàn sẹ́wọ̀n látayébáyé, kí oníkálukú máa gbìn ín sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀rín pa wá nígbà yẹn. Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ lẹ́nu wa.

Ọjọ́ Àìkú tí àwọn mọ́ńkì, àwọn àlùfáà tẹ́ńpìlì, parí oṣù mẹ́ta òjò tí wọ́n fi ń há ara wọn mọ́lé ni. Gbogbo ìlú ti gbé ìrẹsì lọ fún wọn ní tẹ́ńpìlì láàárọ̀. Bàbá Phut nìkan ni ò lọ, torí igbó ẹ̀ tó ń gbẹ lọ́wọ́ nínú ahéré ẹ̀yìn ilé. Ọjọ́ kẹrin tó ti wà lórí okùn nìyẹn. Saowa ọmọ ẹ̀ bu ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́wọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e wálé fún un. Ó ṣí ilẹ̀kùn ahéré. Aṣọ dúdú tí wọ́n ta sí fèrèsé ò jẹ́ kó ríran dáadáa. Ẹsẹ̀ bàbá ẹ̀ ló kọ́kọ́ rí nílẹ̀, ó wá rí ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀. Ó gbójú sókè, gbogbo okùn ti ṣófo.

Bàbá ò kú. Àmọ́ kò sọ̀rọ̀, kò lajú. Wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọlọ́pàá ti mú Khamsing, ọkọ Saowa. Ẹ sì gbọ́ èyí o: ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀ fún wọn, Saowa fúnra ẹ̀ ni. Ó ní òun ò purọ́, bàbá òun àti ọkọ òun jà lórí igbó náà lọ́jọ́ Sátidé, ó kù díẹ̀ kí wọ́n lura wọn.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n rán Ìnísípẹ́tọ̀ Prachak wá láti olú ìlú. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ìgò òògùn kékeré kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó máa ń fà símú ní gbogbo ìgbà, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Ọ̀gá ẹ̀ ti sọ fún un pé kó kàn lọ parí ìwé. Tó bá di aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ̀ á gbé Khamsing lọ sí kóòtù. Tí bàbá bá sì kú, ẹjọ́ apààyàn nìyẹn.

Prachak wọ àtìmọ́lé lọ. Khamsing jókòó sílẹ̀, irùngbọ̀n ti kún un lẹ́nu.

"Wọ́n ní o bá àna ẹ jà."

"Ọ̀gá, ta ni kì í bá àna ẹ̀ jà? Mo ní ká kó o fún Thawat onísọ́ọ̀bù bó ṣe tutù yẹn, kó lọ gbẹ ẹ́ fúnra ẹ̀. Bàbá ní tí mo bá tún sọ ọ́, òun á so èmi náà kọ́ mọ́ okùn." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde.

"Oje igbó wà lọ́wọ́ ẹ."

"Ó wà lọ́wọ́ Saowa náà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ já ewé ẹ̀ lọ́jọ́rú. Ṣé ẹ máa mú òun náà ni?"

"Níbo lo wà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú?"

"Odò. Mò ń kó àwọ̀n."

"Ta ló rí ẹ?"

"Ẹja." Khamsing gbójú sílẹ̀. "Ọ̀gá, òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ." Prachak ti ń dìde nígbà tó pè é padà. "Ẹ jọ̀ọ́, Saowa ń jẹun?"

Prachak dúró sójú kan. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sẹ́wọ̀n, tó ń béèrè bóyá ẹni tó dárúkọ ẹ̀ fọ́lọ́pàá jẹun. Ó tọ́jú ọ̀rọ̀ yẹn síkùn.

Ó kọjá sí ahéré. Saowa ló ṣílẹ̀kùn fún un, ojú ẹ̀ ti wú. Àwọn ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ wá ti tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, àmọ́ Prachak dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí bàbá máa ń sùn lé níbẹ̀, ó fa nǹkan kan jáde. Ọ̀pá oparun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò ju ìka àárín lọ, òdòdó igbó wé mọ́ ọn lára, okùn wé mọ́ òdòdó.

"Kí lèyí?"

"Bàbá mi ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Tó bá ti gé e, á to òdòdó ẹ̀ mọ́ ọ̀pá, á bó èèpo igi igbó yẹn náà, á fi wé e yípo. Bàbá tó bí i ló kọ́ ọ. Gbogbo àwọn tó kù, wáyà àti pẹ́ẹ̀gì aṣọ ni wọ́n ń lò. Wọ́n ní ti bàbá mi ń fàkókò ṣòfò."

Prachak tú okùn náà, ó fa ọ̀pá yọ. Òdòdó náà ò pa dé. Ihò tín-ín-rín kan wà láàárín ẹ̀ látòkè délẹ̀, ojú okùn sì wà lára ẹ̀ bí ipa dídì ṣe máa ń wà lórí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.

"Èèyàn ò lè tẹ̀ ẹ́ padà?"

"Lọ́jọ́ kìíní, ó rọ̀, o lè tẹ̀ ẹ́ bó o ṣe fẹ́. Tó bá ti di ọjọ́ kẹta, bó ṣe wà ló máa wà."

"Ẹni tó bá jí i lọ́jọ́ kẹrin ńkọ́? Ṣé ó lè dé e mọ́ ìgò kó gbé e pa mọ́?"

"Háà, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn! Ara ẹ̀ á dà bíi pé ó ti gbẹ, àmọ́ omi ṣì wà nínú. Ẹ wò ó." Ó mú igi ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó kàn ká kò bí okùn. "Títí yóò fi dún ka! ni wọ́n ń fi í sórí okùn. Bí ọjọ́ mẹ́wàá. Tó bá wọ ìgò ṣáájú ìyẹn, ebu á bò ó, á máa rùn bí ìtọ̀ ewúrẹ́. Kódà tó bá gbẹ tó wọ ìgò, ojoojúmọ́ lèèyàn á máa ṣí i kó lè mí."

"Òórùn ẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀gá, nígbà tí tiwa wà níbí, mọ́ńkì tó ń kọjá lójú títì ní kí bàbá mi dákun ti fèrèsé."

Prachak fi òdòdó náà sínú áńkáṣíìfù. Ọjọ́ márùn-ún ti kọjá. Ibì kan nínú ìlú kékeré yìí, ẹnì kan ní láti ti so igbó tó ń rùn gbùn-ùn kọ́, imú kankan ò sì gbọ́ ọ. Ẹni tó wà látìmọ́lé ò lè so nǹkan kọ́.

Ó yà sọ́dọ̀ Thawat, onísọ́ọ̀bù igbó, afínjú ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń lo gíláàsì dúdú nínú ilé.

"Ọ̀gá, ẹ tú gbogbo ìgò mi, kí inú yín dùn," Thawat ní. "Ẹni kankan ò gbé nǹkan wá. Ẹni tó bá sì jí èyí tí ò tíì gbẹ, wàhálà ló jí. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í nini lára."

"Ta ló tún ní igbó tó ń jáde lọ́sẹ̀ yìí?"

"Bunthan nìkan. Òun ni kíníkì yàn láti máa kó igbó wá fún òróró àwọn arúgbó tí ò rí oorun sùn. Ọ̀la ló máa kó o lọ fún wọn." Thawat yọ gíláàsì ẹ̀. "Ó yà mí lẹ́nu ṣá o. Oṣù tó kọjá ló wá ń bi mí, kí lèèyàn ń ṣe sí èyí tó ti bu. Mo ní kó gbẹ́ kòtò sin ín."

Bunthan yìí, padaek ló ń ṣe, ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ àti èèpo ìrẹsì rẹ sínú ìkòkò fún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ irú, ẹ má dá mi dúró: irú ń ta sánsán lẹ́gbẹ̀ẹ́ padaek. Láti orí títì ni Prachak ti ki ìgò òògùn ẹ̀ bọ imú.

"Ẹ wọlé, ọ̀gá! Ẹ má wọlé púpọ̀ o, kí òórùn má gbé yín ṣubú!" Bunthan ń rẹ́rìn-ín, ikùn ẹ̀ ń mì. Ìkòkò ńláńlá tò lọ rẹrẹ lẹ́yìn ẹ̀, yàrá onípáànù kan sì wà níparí ẹ̀ tí wọ́n fi àgádágodo tì.

"Kí ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Iyọ̀ ni. Eku ò jẹ́ kí n gbádùn." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ọ̀rọ̀ Bàbá Phut dùn mí dọ́kàn. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Àmọ́ ẹ wò ó, ọ̀gá, bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani."

"O wà ní tẹ́ńpìlì lọ́jọ́ yẹn?"

"Láti ìdájí! Èmi ni mò ń bu ọbẹ̀. Mi ò fẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹ bi gbogbo ayé."

Prachak dúpẹ́, ó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Saowa gbé oúnjẹ wá sí àgọ́ ọlọ́pàá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbé e lé tábìlì, kò wọlé lọ bá ọkọ ẹ̀.

"Jókòó," Prachak ní. "Ọjọ́ Àìkú, ní tẹ́ńpìlì. Bunthan kúrò níbẹ̀ rárá?"

"Rárá. Òun ló ń..." Ó rántí nǹkan kan. "Bẹ́ẹ̀ ni o. Wọ́n gún ìbẹ́pẹ tán, padaek ò sí. Ta ló fẹ́ jẹ ìbẹ́pẹ gígún láìsí padaek? Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, wọ́n ní alápadaek tó gbàgbé padaek. Ó gbé ọ̀kadà ẹ̀ tó ní pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun àti ìkòkò òfìfo mẹ́rin. Ebi ti fẹ́ pa wá kó tó dé."

"Mélòó ló gbé dé?"

"Ìkòkò kan." Saowa fọwọ́ bo ẹnu.

Ní aago méjì ọ̀sán, Bunthan ti to ìgò gíláàsì mẹ́jọ sórí tábìlì Dókítà Orathai ní kíníkì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀. Prachak wọlé pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì.

"O kú iṣẹ́, Bunthan. Ó dára o. Tìẹ ni gbogbo ẹ̀?"

"Ẹ̀yìnkùlé mi, ọ̀gá."

"Báwo lo ṣe gbẹ ẹ́?"

"Wáyà àti pẹ́ẹ̀gì aṣọ, bíi ti gbogbo ayé."

"Ta ló bá ẹ ṣe é?"

"Kò sẹ́nì kan. Èmi nìkan."

Prachak ṣí ìgò kìíní. Ó fa ìgò òògùn tiẹ̀ kúrò nímú, ó fi sápò, ó wá gbóòórùn ẹ̀ dáadáa. Ó mú òdòdó kan, ó fi ojú ọ̀bẹ là á. Ó mú òmíràn látinú ìgò kejì, ó là á, ó tún mú ti ìkẹta. Ó tú áńkáṣíìfù ẹ̀, ó to gbogbo ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Dókítà, ẹ bá mi wò ó. Kí lẹ rí láàárín wọn?"

"Ihò," Dókítà Orathai ní. "Bákan náà ni gbogbo wọn."

"Ọ̀pá ló wà níbẹ̀. Nong Hin ò ní ju ẹnì kan ṣoṣo tó ń fi ọ̀pá gbẹ igbó. Bunthan yọ ọ̀pá, ó tú okùn, àmọ́ ó ti pẹ́ jù, òdòdó ti gbẹ mọ́ ọn." Prachak kọjú sí i. "Ohun tó kọ́kọ́ dààmú mi ni òórùn. Ọjọ́ márùn-ún, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Mo ní kò sí bí òórùn yẹn ṣe lè sá pa mọ́, àfi tí òórùn tó jù ú lọ bá gbé e mì. Ìkòkò mẹ́rin lo gbé kúrò ní tẹ́ńpìlì, ọ̀kan lo gbé padà, mẹ́ta tó kù lo fi kó igbó. O ní o ò fẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Bunthan, àmọ́ ojú ẹ̀ ò bá a rẹ́rìn-ín mọ́. "Ọ̀gá, tó bá dá yín lójú, kí ló dé tẹ́ ẹ ò jálẹ̀kùn yàrá mi lánàá?"

"Kó o lè sọ pé Khamsing ló jù ú síbẹ̀? Mo fẹ́ kó o fi ọwọ́ ara ẹ gbé e wá, kó o sì sọ lójú ẹlẹ́rìí pé tìẹ ni."

Bunthan jókòó sórí àga àwọn aláìsàn.

"Tèmi bu," ó ní. "Gbogbo ẹ̀ pátá. Mo kánjú dé e mọ́ ìgò. Gbogbo ìlú sì ti gbọ́ pé èmi ni wọ́n yàn... Mo rò pé bàbá wà ní tẹ́ńpìlì. Gbogbo èèyàn ló lọ! Mo ti kó o tán, ó wọlé. Omorogùn ẹja ló wà lọ́wọ́ mi." Omi ń bọ́ lójú ẹ̀. "Ó pe orúkọ mi, Dókítà. Ó ní, 'Bunthan, ìwọ nìyí?' Ká ní kò pe orúkọ mi ni."

Àwọn ọlọ́pàá méjèèjì gbé e dìde, wọ́n mú un jáde.

Nígbà tí Prachak sáré dé àgọ́, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ọkọ̀ kóòtù ti ń kùn, Khamsing ti jókòó sínú ẹ̀ pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́. Prachak fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìlẹ̀kùn ọkọ̀. "Ẹ pa ẹ́ńjìnì! Ẹ tú u sílẹ̀!"

Saowa dúró lábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀kadà. Khamsing ń bọ̀, ó ń ra ọrùn ọwọ́. Ó dúró síwájú ẹ̀.

"Ṣé o gbà á gbọ́?" ó bi í. "Pé èmi ni?"

Saowa lè purọ́ o. Ẹlòmíì á purọ́. "Mo gbà á gbọ́," ó ní. "Fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, mi ò mọ̀ mọ́."

Khamsing wò ó títí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ohun tó rò. Ohun tó ṣe ni mo mọ̀. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó ṣáná sí i, ó wá ń dúró, láìwẹ̀yìn, títí ìyàwó ẹ̀ fi gùn ún.

"Ọ́sibítù ni, lọ́dọ̀ bàbá," ó ní. "Dì mí mú."

Ìtàn tèmi nìyẹn. Tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ ládùúgbò tiyín, tí wọ́n fẹ́ fìyà jẹ aláìṣẹ̀ kí àṣírí tó tú, ẹ bá mi kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹ má torí àìmọ̀wékọ fà sẹ́yìn, èmi náà ò kàwé jìnnà. Ẹ ṣáà má bù mọ́ ọn kó lè dùn. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ.