Ẹni Àpamọ́ Nusaybah

Ẹsẹ̀ ni Nusaybah kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú. Ní stéṣọ̀n Peckham Rye ni, ní àárọ̀ Sátidé kan tí òjò ń ṣẹ́ wínniwínni. Ọkùnrin gíga kan tó wọ ẹ̀wù òṣìṣẹ́ rélùwéè ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ òsì á kọ́kọ́ sọ̀, ọ̀tún á wá bá a níbẹ̀, bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, ó sì di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú gírígírí. Iṣẹ́ physio, ìyẹn títọ́jú iṣan àti oríkèé ara, ni Nusaybah ń ṣe nílé ìwòsàn, kò sì lè ṣàì wò ó. Orúnkún òsì ni, ló sọ nínú ara rẹ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò sì tíì fọkàn tán an.

Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé ọkùnrin náà ń wo òun, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Aunty Physio, ṣé ẹ ti fún mi ní máàkì tán?"

Ojú ti Nusaybah. Abdulbasit ni, running back ẹgbẹ́ Rhinos, ẹni tí wọ́n máa ń gbé bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́ kó máa gbé e sá la àárín àwọn alátakò kọjá. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni iṣan orúnkún rẹ̀ já lórí pápá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá gan-an ni Nusaybah kọ ọ́ sórí WhatsApp pé: "Abdulbasit, méjì nínú mẹ́wàá. Ẹ má mú un."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àwọn ará mọ́sálásí wọn ní eré kan tí wọ́n ń pè ní fantasy. Oníkálukú á mú àwọn tó wù ú nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà sórí ìwé, ohun tí wọ́n bá sì ṣe lórí pápá ló máa di máàkì fún un. Kò sí owó nínú rẹ̀, torí tẹ́tẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá gbẹ́yìn ni yóò se ìrẹsì fún gbogbo mọ́sálásí. Alága wọn ni Alhaji Ọládiméjì, bàbá Nusaybah, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀lù tí gbogbo wa mọ̀ ni Alhaji rò pé ó jẹ́ nígbà tó forúkọ sílẹ̀. Kó tó rí i pé bọ́ọ̀lù wọn rí gbọọrọ bí máńgòrò, ó ti wà ní ipò kejì, ta ló sì ń fi ipò kejì sílẹ̀? Nusaybah náà wà nínú eré náà, òun ló sì ń bá wọn díye lé àwọn tó fara pa. Kódà Boaz, kóòṣì Rhinos, máa ń ka ohun tó bá kọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni Nusaybah wí.

"Mi ò bínú o. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí méjì yẹn ti wá. Ojú mi nìkan, ó tó márùn-ún."

Ẹ̀rín gba ẹnu Nusaybah kó tó mọ̀. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá a.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọ̀sán Sunday ni wọ́n ń pàdé ní pápá Peckham Rye. Aunty Àìṣát, àbúrò Alhaji, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹ̀pà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àwọn méjèèjì nìkan ló wà. Abdulbasit á máa rìn sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti rọra da gẹ̀rẹ́, Nusaybah á máa fẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀.

"Wo ojú mi, Nusaybah."

"Orúnkún rẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Gbọ́ tìẹ."

Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó ní, "Mo ṣì máa ń gbọ́ ìró tó ṣe nígbà tó já. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."  Lọ́jọ́ náà ni Nusaybah mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀ dénú egungun.

Ìgbà tí orúnkún náà pé oṣù méje ni wàhálà dé. Ẹgbẹ́ kan láti Germany ń bọ̀ wá wo ìdíje àkọ́kọ́ láti yan ẹni tí wọ́n máa gbà, Boaz sì ní bí Nusaybah bá fún Abdulbasit ní méje, òun á fi í wọlé.

"Méje péré, olólùfẹ́ mi," ni Abdulbasit bẹ̀ ẹ́. "Mi ò ní mẹ́wàá."

"Kò tíì jinná. Tó bá tún já, ó lè má ṣeé tún ṣe mọ́."

"Mo rò pé o fẹ́ràn mi."

"Torí pé mo fẹ́ràn rẹ ni."

Abdulbasit yí padà, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò pè, kò kọ̀wé. Nusaybah sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Alhaji ní, "Ọkùnrin tí kò lè gba òótọ́ lẹ́nu rẹ, ṣé òun lo fẹ́ bá dàgbà? Gbàgbé rẹ̀." 

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mú agbábọ́ọ̀lù fún sáà tuntun dé, wọ́n pé sí yàrá òkè mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Àílà. Nusaybah dìde láti ka ìwé rẹ̀. Bó ṣe ń kà á lọ́wọ́ ni ilẹ̀kùn ṣí, tí Abdulbasit wọlé.  Síbẹ̀ Nusaybah kà á bó ṣe kọ ọ́: "Abdulbasit, òdo ní sáà yìí."



Wọ́n ṣẹ́ kèké, ọ̀dọ̀ Nusaybah ló bọ́ sí láti kọ́kọ́ mú. Wọ́n ní òfin kan: oníkálukú lè ní ẹni àpamọ́ kan ṣoṣo, ẹni tí kò ní fi ṣe pàṣípààrọ̀, tí kò ní jù sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹni tó le jù làwọn èèyàn máa ń fi ṣe é.

"Mo mú Abdulbasit," ni Nusaybah wí. "Òun ni ẹni àpamọ́ mi."

Alhaji bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìwọ náà lo ní òdo."

"Èmi ni, Daddy. Òdo ni, mi ò yí i padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe sáà yìí nìkan ni mo fẹ́ bá a lò."

Abdulbasit bọ́ síwájú. "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti lọ bá Boaz láàárọ̀ yìí, mo ní kó má fi mí sí i. Òótọ́ ni Nusaybah sọ fún mi, èmi ni mo fi ìbínú gbà á." Ó fẹ́ kúnlẹ̀.

"Rọra, ẹsẹ̀ òsì!" ni Nusaybah kígbe, gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọkùnrin náà títí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àga kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. "Má kúnlẹ̀," ló wí. "Jókòó síbí."

Ẹni tí kò bá wọ pápá kò lè mú máàkì wálé. Nígbà tí sáà parí, Nusaybah ló gbẹ́yìn pátápátá, gbèsè ìrẹsì sì já lé e lórí. Alhaji ní ọjọ́ ìrẹsì yẹn náà ni wọ́n máa so yìgì Nusaybah àti Abdulbasit. Ṣé ìyàwó wá ń se oúnjẹ ìgbéyàwó ara rẹ̀ ni? Abdulbasit ní òun lòun jẹ́ kó gbẹ́yìn, òun lòun máa sè é. Ó so épúrọ́ọ̀nù mọ́ aṣọ ọkọ ìyàwó.

Nusaybah wà nísàlẹ̀ láàárín àwọn obìnrin nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbé kúlà ìrẹsì yọ lórí àtẹ̀gùn. Òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Ọwọ́ méjèèjì wà lára kúlà, kò di irin kankan mú. Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dúró.

"Aunty Physio, mélòó?"

"Mi ò wo ẹsẹ̀ rẹ," ni Nusaybah wí, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ojú rẹ ni mò ń wò."

"Ojú náà ńkọ́?"

"Márùn-ún. Ṣebí ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀."