Balùwẹ̀ Kejì

Iná ń jó lórí àpáta lẹ́yìn ilé tuntun náà. Igi gbígbẹ àti táyà àlòkù ni àwọn lébìrà ti kó jọ síbẹ̀ láti òwúrọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ ihò ṣálángá lápá ibẹ̀ ní Ọ̀kà, nítorí àpáta kò gbọ́ ti ṣọ́bìrì. Wọ́n á dáná lé e títí yóò fi gbóná, wọ́n á wá da omi tútù sí i. Ó là lẹ́ẹ̀kan náà. Hafsoh gbọ́ ọ láti inú ilé.

Inú yàrá tí yóò di tirẹ̀ ló dúró sí. Ògiri ti ga kọjá fèrèsé, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ pupa ṣì ni ilẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú, yàrá méjì tí bàbá rẹ̀ háyà ní Ìkàrẹ́ ni wọ́n ń gbé, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ sì jọ ń sùn lórí ẹní kan. Munir, bàbá rẹ̀, ń tún ọ̀kadà ṣe. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ ilé yìí díẹ̀díẹ̀, kí ìyá rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, lè wá bá wọn gbé.

Ládélé bíríkìlà wọlé, òun àti Munir àti Jamilah, ìyá Hafsoh. Ládélé fi ẹsẹ̀ fa ìlà kan sórí erùpẹ̀ náà.

"Ọ̀gá Munir, ibi tí mo ń wí nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ balùwẹ̀ kejì fún Màmá, ara yàrá yìí la ó ti gé e. Inú yàrá Màmá ni ilẹ̀kùn rẹ̀ máa wà. Wọn ò ní í jáde síta rárá."

"Yàrá yìí á wá kéré," ni Jamilah wí.

"Á kéré. Bẹ́ẹ̀dì ò ní í wọ̀ ọ́. Ọmọ yìí á máa bá àwọn àbúrò rẹ̀ sùn." Ládélé rẹ́rìn-ín. "Àfi tó bá tètè lọ ilé ọkọ!"

Hafsoh kò rẹ́rìn-ín.

Balùwẹ̀ kan ṣoṣo, òun àti ilé ìgbẹ́ rẹ̀, ló wà nínú àwòrán ilé náà. Ẹ̀yìn ilé ni, lọ́tọ̀, lẹ́bàá ihò tí wọ́n ń gbẹ́. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ yóò gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná jáde, yóò sì rìn lórí àpáta.

"Ṣé a ò lè ṣe é tí a bá ti kó wọlé?" Munir béèrè.

"Kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Abẹ́ ilẹ̀ yìí ni páìpù máa gbà lọ sí ṣálángá. Ọ̀túnla la ń da kọnkéré. Tí a bá ti dà á, ẹ ti pinnu nìyẹn."

"Bàbá Hafsoh, ẹ bi Màmá," ni Jamilah wí. "Ṣebí wọ́n máa ń sọ pé àwọn ò lè sùn ti ilé ìgbẹ́."

"Ta ni yóò bi wọ́n? Èmi?"

Nínú ẹbí wọn, ọmọkùnrin kì í bi ìyá rẹ̀ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ilé kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dán an wò. Ọmọọmọ obìnrin ni wọ́n máa ń rán.

Munir yíjú sí Hafsoh. "Lọ bá mi bi wọ́n. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ẹ, a ó kọ́ ọ. Bí wọ́n bá kọ̀, kí Ládélé máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ."

Ilé àtijọ́ tí Màmá Memunat ń gbé kò jìnnà. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ síwájú bí igi. Ẹ̀ka èdè Ọ̀kà ló kọ́kọ́ fi kí Hafsoh, kó tó yí i sí Yorùbá tí àwọn ọmọ Ìkàrẹ́ gbọ́.

"Ìyá mi, ìwọ nìkan? Ṣé ọkọ lo wá fi hàn mí ni?"

"Rárá o, Màmá. Dádì ló rán mi." Hafsoh kúnlẹ̀, ó sì jíṣẹ́ náà.

Màmá Memunat gbé ẹ̀wà náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín.

"Ojú ń ti Munir! Èmi tí mo nù ún nídìí, ojú ń tì í láti bi mí." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ọmọ mi, òótọ́ ni pé mo máa ń sọ pé n kò lè sùn ti ilé ìgbẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì dá ṣáṣá ni. Sọ fún un pé mo fẹ́ ẹ. Sọ fún un pé mo dúpẹ́. Kó ṣáà má jẹ́ kí wọ́n kọjú àwo ìgbẹ́ rẹ̀ sí gábàsì tí a ń kọjú sí kírun."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Bí Hafsoh ṣe ń padà lọ, fóònù rẹ̀ dún. Gift ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì.

"Hafsoh onílé! Ọjọ́ wo la ń bọ̀ wá wo yàrá rẹ? Àbí ìwọ àti àwọn ìkókó yẹn lẹ ṣì jọ ń tọ̀ sórí ẹní?"

Àwọn ọmọbìnrin mìíràn ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn Gift nínú fóònù náà. Hafsoh ti fi yàrá náà yangàn fún wọn láti sáà tó kọjá.

"Ẹ máa bọ̀," ó wí. "Èmi nìkan ni mo ni ín."

Nígbà tó dé, bàbá rẹ̀ ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn ò lè sùn ti ilé ìgbẹ́."

Hafsoh sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí Màmá ṣe máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Munir tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo mọ̀. Agídí Màmá." Ó yíjú sí Ládélé. "Máa báṣẹ́ lọ."

Ládélé fi ẹsẹ̀ pa ìlà náà rẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n da kọnkéré, Hafsoh wà níbẹ̀. Ó rí i bó ṣe ń ṣàn dé igun yàrá, tó ń bo erùpẹ̀ pupa náà mọ́lẹ̀. Ó sún mọ́ bàbá rẹ̀. "Dádì," ó wí.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan, sà."

Nígbà tí oòrùn máa fi wọ̀, ilẹ̀ náà ti le.

Wọ́n kó wọlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Munir fúnra rẹ̀ ló di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú wọ yàrá rẹ̀. Màmá Memunat wo ògiri kìíní, ó wo èkejì, ó wo gbogbo wọn tán. Ilẹ̀kùn tó gbà wọlé náà nìkan ló rí. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì jókòó, ó ṣàdúà fún ilé náà. Kò béèrè ohunkóhun. Ó gbà pé agbára ọmọ òun kò ká a ni, kò sì fẹ́ kí ojú tì í. Munir ní tirẹ̀ gbà pé ohun tí ìyá òun fẹ́ ni òun ṣe. Àwọn méjèèjì dákẹ́ fún ara wọn. Hafsoh nìkan ló mọ ohun tó wà láàárín wọn.

Gift wá lóòótọ́. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ya fọ́tò. "Ọmọ olówó! Wo fèrèsé!" Bó ṣe ń pariwo, Hafsoh ń gbọ́ nǹkan mìíràn. Ọ̀pá ni. Kó, kó, láti yàrá Màmá dé pálọ̀, kó, kó, dé ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ yí padà, nítorí ó ti kan àpáta. Ó pẹ́ kó tó padà.

"Kí lò ń gbọ́?" Gift béèrè.

"Kò sí nǹkan kan."

Òjò dé. Àpáta ẹ̀yìn ilé hu ewéédò, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́. Munir da iyanrìn lé e, àgbàrá gbé e lọ. Ó tún da òmíràn, àgbàrá tún gbé e.

Lásìkò náà ni Hafsoh ṣàkíyèsí ife omi. Òun ló máa ń gbé e fún Màmá lẹ́yìn oúnjẹ. Bó ṣe gbé e wá ló ṣe ń bá a nígbà tó bá padà.

"Màmá, ẹ ò mu omi."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

Ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ti là, ojú rẹ̀ sì ń jìn wọnú. Jamilah ní ara àgbà ni. Hafsoh mọ̀ pé kì í ṣe ara àgbà. Ẹni tí kò bá mu omi kò ní í jáde sórí àpáta léraléra. Ó pinnu pé òun yóò sọ ọ́ tí òun bá ti ṣe ìdánwò tán. Ó ṣe ìdánwò tán, ó sún un sí ẹ̀yìn Iléyá. Iléyá kọjá. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ló ń ṣòro sí i láti la ẹnu.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, òjò ń kán wínníwínní. Munir wà ní Ìkàrẹ́, Jamilah lọ gba ọmọ rẹ̀ àbígbẹ̀yìn nílé ìwé. Hafsoh wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ki ohun ìgbórin bọ etí kan. Ìrun Àsárì ti tó.

"Hafsoh!" Màmá pè é. "Wá bá mi gbé kẹ́tù àlùwàlá mi."

"Mò ń bọ̀, mà."

Kò dìde. Ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀. Ó dé pálọ̀, ó dé ilé ìdáná. Hafsoh gbọ́ kẹ́tù nígbà tó bọ́ lulẹ̀. Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń yí gbirigbiri lọ sí ìsàlẹ̀ àpáta, títí ó fi dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọ́ ohun kankan. Màmá kò ké.

Ní ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́, dókítà ní egungun ìbàdí rẹ̀ ló ṣẹ́. Ó ní omi kò sí lára rẹ̀ rárá, bóyá òòyì ló kọ́kọ́ kọ́ ọ kó tó ṣubú. Ó ní kí wọ́n má retí pé yóò tún rìn.

Munir dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo ẹ́ńjìnnì.

"Màmá, ṣebí mo ránṣẹ́ sí yín. Èéṣe tí ẹ fi ní ẹ ò fẹ́ ẹ?"

Màmá Memunat la ojú. Ó wo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó rọra yíjú sí Hafsoh tó dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó wò ó títí. Hafsoh rí i pé gbogbo rẹ̀ ti yé e.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Màmá wí. "Èmi ni mo ní n kò fẹ́. Agídí àgbà ni. Má bínú, Munir."

Munir tẹ orí ba, ó ń sunkún.

Ọ̀rọ̀ náà ti bò báyìí. Kò sẹ́ni tí yóò tún béèrè rẹ̀ mọ́. Hafsoh kàn ní láti dákẹ́, bó ṣe ti ń dákẹ́ bọ̀.

"Irọ́ ni," ó wí. "Màmá fẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn dúpẹ́. Èmi ni mo yí ọ̀rọ̀ wọn. Yàrá yẹn ni mo fẹ́."

Jamilah ká ọwọ́ lérí. Munir wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò, ó sì jáde.

Nígbà tí ó ku àwọn mẹ́ta, Màmá na ọwọ́. "O ṣáà sọ ọ́," ó wí. "Bù mí lómi."

Munir kò na Hafsoh. Kò bú u. Ó gbé òòlù ńlá, ó sì fọ́ ilẹ̀ yàrá Hafsoh fúnra rẹ̀ láti kọ́ balùwẹ̀ náà. Hafsoh ló ru àfọ́kù kọnkéré náà jáde, lójoojúmọ́ tó bá ti ilé ìwé dé. Bàbá rẹ̀ kì í bá a sọ ju ohun tó kan iṣẹ́ lọ. Ì bá tẹ́ Hafsoh lọ́rùn kó na òun.

Ládélé ri páìpù, ó lẹ táìsì, ó kan irin ìdìmú mọ́ ògiri. Balùwẹ̀ náà dára. Nígbà tí wọ́n gbé Màmá dé láti Ìkàrẹ́, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sì kọjú sí ilẹ̀kùn tuntun náà. Munir ṣí i fún un. "Ó dára gan-an," Màmá wí. Kò wọ ibẹ̀ títí di òní. Hafsoh ló ń gbé ọpọ́n sábẹ́ rẹ̀, òun ló ń dà á nù, òun ló ń wẹ̀ ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀, wọ́n tilẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn, Munir á yọjú, á wo táìsì tí omi kò kàn rí, á sì kọjá lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ronú sí i. Hafsoh kò jalè, kò na ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn kan ló yí. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ rán ọ, jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí o bá ti ṣì í jẹ́, tètè padà lọ tún un sọ, bó ti wù kí ojú tì ọ́ tó. Hafsoh ní ààyè láti sọ òtítọ́ kí òjò tó dé, ó sì ní ààyè lẹ́yìn tí òjò dé. Nígbẹ̀yìn ó sọ ọ́, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó nílò òtítọ́ náà kò lè dìde mọ́.