Ibi Tí Òkò Adéfọlá Lè Balẹ̀ Sí

Adéfọlá, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì l'Ágọ̀-Ìwòyè, fẹ́ràn kànnàkànnà bí ẹní fẹ́ràn oúnjẹ. Yóò ki òkúta sínú awọ àárín rẹ̀, yóò fi okùn méjèèjì fì í yípo lókè orí, yóò sì jọ̀wọ́ ọ̀kan. Ìyá àgbà rẹ̀, Màmá Ìbíkẹ́, ló kọ́ ọ. Kànnàkànnà ni màmá fi ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì l'Ábígí nígbà ọmọge wọn.

Láàárọ̀ Sátidé kan, Adéfọlá gbé agolo mílíìkì lérí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ó fì, ó jù. Òkò tasé agolo, ó fo ògiri kọjá.

"Yéè!"

Asimawu, aládùúgbò wọn, ló ké. Aṣọ ló ń fọ̀. Òkúta náà gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, ó la báàfù iwájú rẹ̀ sí méjì.

Adéfọlá sáré débẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò rí yín."

"Báwo lo ṣe fẹ́ rí mi, nígbà tí ògiri dí ọ lójú?" Asimawu ṣì gbọ́wọ́ láyà. "Alihamudulilai. Dìde, ọmọ mi."

Adéfọlá wọlé, ó na kànnàkànnà sí ìyá àgbà rẹ̀. "Ẹ gbà á, mà. Mi ò jù ú mọ́ láé."

Màmá fà á mọ́ra. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo kọ́ ẹ ní jíjù, mi ò kọ́ ẹ níbi tí wọ́n ti ń jù ú. Wọ bàtà ẹ."

Wọ́n kọ́kọ́ yà bẹ Asimawu, wọ́n sì gbé báàfù tiwọn fún un. Lẹ́yìn náà, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Awà, ìlú tó wà nítòsí, sọ́dọ̀ Mùtàlíbù, àgbẹ̀ tó ni kòtò ńlá kan tí wọ́n ti ń wa yangí tẹ́lẹ̀. Ó fún wọn láyè tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Màmá ní kí àwọn kọ́kọ́ yí kòtò náà ká, bóyá ẹnì kan ń ṣẹ́gi nítòsí. Kò sẹ́nì kankan. Wọ́n wá sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, wọ́n gbé àpò tí wọ́n rọ iyanrìn sí ti ògiri yangí rẹ̀.

"Agolo ńkọ́, mà?"

"Òkò a máa ta padà lára agolo. Iyanrìn á gbé e mì. Bọ́ sẹ́yìn dáadáa! Bí okùn bá tètè já lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ni òkúta lè gbà."

Màmá fì í, wọ́n jù ú. Òkò fo àpò, ó wọnú yangí, gbì!

Adéfọlá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ tasé, mà!"

"Mo tasé," Màmá náà ń rẹ́rìn-ín, "ṣùgbọ́n ta ló ké?"

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn jíjù, ẹ gbàyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹ wá ibi tí òkè tàbí ògiri ilẹ̀ gíga wà lẹ́yìn àmì, tí kò sílé, tí kò sọ́nà. Ẹ yẹ àyíká wò, kí ẹnikẹ́ni má dúró nítòsí. Kò sí ọ̀jáfáfá tí kì í tasé. Ẹ rí i pé ibi tí òkò yín bá tasé sí, kò ní sí ọmọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.