Bọ̀dá Wáyà Lórí Àga Kékeré

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni Tíṣà kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ gbọọrọ méjì ló yọ síta lábẹ́ tábìlì obìnrin náà. Ìbọ̀sẹ̀ kan ti lu, àtàǹpàkò sì yọjú níbẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́nà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ò tíì lù, ó sì ti rẹ Tíṣà bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

"Ta ló kú sí kíláàsì mi o?"

"Mi ò tíì kú, ọ̀gá mi," ohùn kan dáhùn lábẹ́ tábìlì. "Ojú iná tí mo máa ki wáyà bọ̀ ni mò ń wá. Tí mo bá fọwọ́ kàn án tán, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá sunkún."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà kó tó mọ̀. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn nínú yàrá yẹn.

Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ti di òkè ìṣòro fún ni wọ́n máa ń kó fún un, ọmọ ọdún mẹ́wàá, mọ́kànlá, tí wọ́n á la ìwé sílẹ̀, tí wọ́n á máa wò ó bí ẹni ń wo ògiri. Ó ti gbìyànjú orin, ó ti gbìyànjú àwòrán, ó ti gbìyànjú ìbínú pàápàá. Ẹ̀fọ́rí ló jẹ lérè. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ní àwọn fẹ́ kó ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń kàwé wá fún àwọn ọmọ, ó kàn mi orí ni. Ohun tí ẹnu òun ò lè ṣe, ṣé dígí ló máa wá ṣe é?

Ọkùnrin tó rá jáde lábẹ́ tábìlì ga, eruku bò ó lórí, ojú rẹ̀ sì jọ ti ẹni tí kò tíì sun oorun àsùntẹ́rùn láti ọdún tó kọjá. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ní ilé-ìwé mẹ́sàn-án, ojú ọ̀nà ló ń gbé. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọmọ ti sọ ọ́ ní Bọ̀dá Wáyà.

Ó fi íápíìsì sétí ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dákẹ́jẹ́ẹ́, nítorí pé kì í la ẹnu ní kíláàsì. "Sọ ohun tó bá wù ọ́ sí i," ó ní. "Kò ní bá ọ jà."

Ọmọ náà wo Tíṣà, ó wo ẹ̀rọ, ó wá rọra sọ pé ajá àwọn ti bímọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan ò ríran. Ọ̀rọ̀ náà sì jáde ní kíkọ lójú dígí. Bó ti ń fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ ń pè é sí i létí. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó yọ íápíìsì, ó sì fẹnu ara rẹ̀ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Tíṣà yíjú sí fèrèsé. "Eruku yín ti kó sí mi lójú."

"Ẹ má bínú sí i," ọkùnrin náà dáhùn. "Eruku mi ò mọ àgbà."

Láti ọjọ́ náà, ó ń wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. "Kí ló tún bàjẹ́?" Tíṣà á bi í. "Kò sí o. Mo ní kí n wá wò ó bóyá nǹkan kan ń gbèrò àtibàjẹ́ ni." Bí àwọn ọmọ bá ti lọ, wọn á jókòó sórí àga kékeré, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, wọn á pín búrẹ́dì kan jẹ. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ọ̀rọ̀ àárẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

"Ó rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà. Ẹ jẹ́ ká jọ jókòó tì í."

Nígbà tó yá, Tíṣà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà ojú ewé méjì, ó sì fi lé e lọ́wọ́ láìwo ojú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, èkejì kọjá. Èsì tó dé kò ju ohùn kan lórí fóònù lọ: "Mo rí lẹ́tà yín. Ẹ ṣé o."

Ìyá Tíṣà, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, gbọ́ ọ láti yàrá kejì. "Ọmọ mi, ẹni tó bá fẹ́ni kì í fi 'ẹ ṣé' dáhùn ojú ewé méjì."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Tíṣà dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ sọ. Mo ti dàgbà, mi ò ní kú."

Ọkùnrin náà fa lẹ́tà náà yọ lápò àyà. Ó ti rún, etí rẹ̀ ti ń ya. "Mi ò lè kà á," ó ní.

"Kí lẹ wí?"

"Láti kékeré ni lẹ́tà ti máa ń fò kiri lójú mi. Wọ́n nà mí títí mo fi sá kúrò ní ilé-ìwé. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sí fóònù, ẹ̀rọ á kà á fún mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ lẹ fi kọ èyí, ẹ̀rọ ò dá a mọ̀."

"Ṣé ẹ ò rẹ́ni bá yín kà á ni?"

"Mo rí. Mi ò kàn fẹ́ kí ẹnu ẹlòmíràn kọ́kọ́ pè é."

Tíṣà ò mọ ìgbà tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ wọlé," ó ní. "Ẹ wá jókòó."

Bẹ́ẹ̀ ni Bọ̀dá Wáyà ṣe di ọmọ kíláàsì. Íápíìsì létí, ó ń fọwọ́ tọ ọ̀rọ̀ kiri. Dákẹ́jẹ́ẹ́ ló jókòó tì í. "Bọ̀dá Wáyà, ẹ má sáré. Kò sẹ́ni tó ń lé yín." Àwọn ọjọ́ mìíràn, á ti ilé-ìwé mẹ́ta dé, ojú rẹ̀ á pọ́n, kò ní lè ka ìlà kan. Á dojú bo tábìlì, Tíṣà á sì fọwọ́ lé e léjìká.

Nígbà tí ìyá gbọ́, ilé gbóná. "Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ aráyé ní A-B-D. Ṣé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọmọ tèmi máa wá fẹ́?"

"Mọ́mì, ó ń kọ́ ọ."

"Ní ọjọ́ orí wo?"

Ìyá gbé ìbínú rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé láti lọ bá ọkùnrin náà fa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnu fèrèsé ló dé tó dúró. Àgbàlagbà ọkùnrin kan ló rí lórí àga ọmọdé, òógùn lójú, tó ń ka ìtàn ajá tí kò ríran sókè. Ó ṣìnà, ó padà, ó tún un kà. Àwọn ọmọ ò fi í rẹ́rìn-ín. Ìyá padà sílé láì kan ilẹ̀kùn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀. "Mo ti na irú rẹ̀ rí," ó ní. "Wọ́n pọ̀. Mo rò pé olóríkunkun ni wọ́n." Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí Tíṣà kọ lẹ́tà náà ni Bọ̀dá Wáyà kà á tán. Ó gbà á tó ìdajì wákàtí. Tíṣà ń díbọ́n bí ẹni ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ.

"Ẹ kọ ọ́ síbí pé ó ti sú yín kó máa rẹ ẹ̀yin nìkan."

"Mo kọ ọ́."

"Kò ní rẹ ẹ̀yin nìkan mọ́, Tíṣà mi. Ẹ jẹ́ ká fẹ́ra."

"Ẹ tún un sọ," ó ní. "Eruku tún ti ń yọ mí lẹ́nu."

Ọ́fíìsì kékeré kan tí fáànù rẹ̀ ń pariwo ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ na ìwé ẹ̀jẹ́ sí ọkọ ìyàwó. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó dé ibi "ìdúróṣinṣin", ẹnu rẹ̀ há. Akọ̀wé wo aago. "Ẹ jẹ́ kí n máa pè é, kẹ́ ẹ máa wí tẹ̀ lé mi. Àwọn èèyàn wà níta."

"Kí wọ́n dúró," ìyá ìyàwó ní láti ẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ kó kà á. Àwa ò kánjú."

Ọkùnrin náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Ì-dú-ró-ṣin-ṣin. Ó kà á kọjá, ó kà á títí dé òpin, ó sì gbé ojú sókè wo aya rẹ̀.

"O káre, ọmọ mi," ìyá sọ fún ọkọ ọmọ rẹ̀. Orí ìdúró ló wà títí ọkùnrin náà fi kà á tán; ó rẹ òun náà, ó wá fìdí lé àga.