Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Yọ Ní Èrìgì Tíṣà Ògúnlẹ́yẹ

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún 1996, Tíṣà Ògúnlẹ́yẹ dúró lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Agbowó, ó ń fi orín àtà fọ eyín. Orín dé ọ̀tún, ó dé òsì, ṣùgbọ́n bó bá ti kan iwájú, Tíṣà á fò ó.

Olúkẹ́mi, ìyàwó rẹ̀, ń sá aṣọ nítòsí. “Bàbá Láyí, ẹ tún fo ibẹ̀.”

“Ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde níbẹ̀. Ibi tó bá gbọgbẹ́, ṣé wọ́n ń fi igi gún un ni? Oṣù méjì rèé tí mo ti fi í sílẹ̀ kó sinmi.”

Tíṣà ní oògùn tirẹ̀. Á tú kápúsù aláwọ̀ méjì, á da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí èrìgì. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ àwọn ará Ìbàdàn ní irú ìtọ́jú yìí, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pọ̀.

Ohun tó ń dun Tíṣà jù ni fèrè idẹ rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń fọn ón níbi ìkórè ìjọ Onítẹ̀bọmi wọn ní Òkè Àdó, eyín iwájú sì ni ètè ń fara tì bí èèyàn bá ń fọn fèrè. Ìkórè ku oṣù méjì, eyín méjì ti ń mì. Ẹ̀rù ń bà á, kò kàn sọ ni.

Olúkẹ́mi kò bá a jiyàn. Ó lọ pe Islamiyat, nọ́ọ̀sì ilé kejì, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú eyín. Islamiyat kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní kí Tíṣà lanu.

“Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yìí, iṣẹ́ ló ń jẹ́ fún yín. Bí ìdọ̀tí àti kòkòrò bá jókòó sídìí eyín, àwọn sẹ́ẹ̀lì èrìgì, ìyẹn hóró kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa, á rán ìránṣẹ́. Ègé purotéènì tín-ín-tín ni àwọn ìránṣẹ́ náà, pẹ́pútáìdì ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn kan ń pa kòkòrò fúnra wọn. Àwọn kan ń pe ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀. Àwọn mìíràn ló ń sọ fún wọn pé ó tó, kí wọ́n máa lọ sílé.”

“Ó dáa náà. Kí wá ni wàhálà?”

“Ìdọ̀tí ò kúrò, Bàbá, ìpè ò sì dáwọ́ dúró. Ogun tó bá pẹ́ nílùú, ilé onílé ló ń bàjẹ́. Àwọn ọmọ ogun yẹn náà ló ń ba èrìgì àti egungun tó di eyín mú jẹ́.”

Tíṣà béèrè pé, “Kápúsù ńkọ́?”

“Ìyẹ̀fun ò lè ṣí ìdọ̀tí tó ti le bíi símẹ́ǹtì. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sílé ìtọ́jú eyín wa lọ́jọ́ Mọ́ńdè.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín. “Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ pé kí wọ́n máa gbálẹ̀ dé abẹ́ tábìlì. Èmi ni mo wá fo ẹnu ara mi.”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ha ìdí eyín náà mọ́. Wọ́n ní kó máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ gbogbo ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́, pàápàá ibi tó ti ń sá fún. Ẹ̀jẹ̀ ṣì yọ fún ọjọ́ mélòó kan. Tíṣà fẹ́ padà sẹ́yìn, Olúkẹ́mi dúró tì í lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Èrìgì tó ti fà sókè kúrò lára eyín kò padà wálẹ̀, ṣùgbọ́n eyín dúró.

Lọ́jọ́ ìkórè, Islamiyat jókòó ti Olúkẹ́mi. Tíṣà fọn fèrè rẹ̀ dópin, ó fi áńkáṣíìfù funfun nu ẹnu, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó nà án sókè kí ìyàwó rẹ̀ rí i. Funfun báláú ni.

Ẹ̀yin ará, àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí èrìgì yín bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe sá fún ibẹ̀, ẹ rọra fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ má ṣe da kápúsù sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá, tàbí tí eyín bá ń mì, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kí eyín tó bọ́. Ara yín ti ránṣẹ́ pè yín, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ìpè náà.