Pa Ẹnu Mọ́, Máa To Ata Rẹ

Ọjọ́ tí Labeebah kọ́kọ́ pàdé Sherifdeen, ẹ̀rù ti bà á débi pé bàtà ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú rẹ̀.

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Fáṣínà ni, lójú ọ̀nà Ìkòsí, ní Kétu. Ọ̀gá Fáṣínà máa ń kó ata àti tòmátì láti òkè Ọya wá sí Mile 12, ó sì ń wá ẹni tó máa so kọ̀ǹpútà ibi ìkẹ́rùsí rẹ̀ ní Kétu pọ̀, kó lè máa rí ẹrù tó wọlé àti èyí tó jáde. Labeebah mọ iṣẹ́ yìí bí ẹní mowó. Báǹkì ló ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ kó tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ pé òun fẹ́ dá dúró. Ohun tí kò mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń dárúkọ owó.

"Eight hundred thousand ni, sà," ló wí.

Ọ̀gá Fáṣínà ò sọ nǹkan kan. Ó ń wo fóònù rẹ̀.

Àyà Labeebah já. "Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí n ṣe é ní six hundred, sà, kò burú."

Ọ̀gá ò tíì gbójú sókè.

"Five hundred náà máa tó, sà. Màá sì fi àtúnṣe ọdún kan kún un lọ́fẹ̀ẹ́."

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá Fáṣínà wá gbé fóònù sílẹ̀. "Ẹ má bínú, ìyàwó mi ló ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi. Èló lẹ ní?"

"Five hundred, sà."

"Ó dáa."

Nígbà tí Labeebah jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta. Ọkùnrin kan ti wà níbẹ̀, bàtà rẹ̀ kún fún eruku.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ni ọkùnrin náà wí. "Ta lẹ̀ ń bá nájà nínú lọ́hùn-ún? Ohùn ẹnì kan ṣoṣo ni mo gbọ́."

Ó yẹ kí Labeebah fìbínú dá a lóhùn. Ẹkún ló bú sí. Ẹ wo obìnrin tí ọ̀gá báǹkì máa ń bẹ̀ bí ẹ̀rọ bá yọnu, òun ló ń sunkún níwájú àjèjì yìí.

Ara ọkùnrin náà ò lélẹ̀ mọ́. Ó wá áńkáṣíìfù nínú àpò, kò rí i, ó nawọ́ fìlà rẹ̀ sí i. "Ẹ má sunkún mọ́. Sherifdeen lorúkọ mi. Èmi ni mò ń tún ẹ̀rọ tó ń mú yàrá ata wọn tutù ṣe. Ìyá mi ń ta ata ní Mile 12, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa: tó o bá ti dárúkọ owó, pa ẹnu mọ́, máa to ata rẹ. Ẹni tó máa rà á á fọhùn."

"Tí kò bá wá fọhùn ńkọ́? Tó bá lọ ńkọ́?"

"Á lọ. Ata ṣì wà níbẹ̀."

Labeebah fi fìlà nu ojú. Ó rọrùn fún Sherifdeen láti sọ. Kò sóhun tí Labeebah bẹ̀rù láyé yìí tó ìdákẹ́jẹ́. Bí inú bá ń bí bàbá rẹ̀, Alhaji Salaudeen, kì í pariwo, ńṣe ló máa ń dákẹ́, gbogbo ilé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí wọ́n máa fi tù ú. Bí ọmọ yìí ṣe dàgbà nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ti dákẹ́ níwájú rẹ̀, á yára wá nǹkan yọ̀ǹda. Nígbà tó sì fi báǹkì sílẹ̀, gbogbo ohun tí Alhaji sọ ò ju, "Consultant! Aláìríṣẹ́ tó wọ bàtà gogoro," lẹ́yìn èyí ló dákẹ́ títí di òní.

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ atutù Ọ̀gá Fáṣínà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ má bi mí léèrè ohun tó ń ṣe é. Gbogbo ọjọ́ tí Labeebah bá wà níbẹ̀ ni Sherifdeen ń wá tún un ṣe. Bí wọ́n bá ṣíwọ́, wọ́n á jókòó sọ́dọ̀ olóúnjẹ kan nítòsí, wọ́n á mu zóbò, wọ́n á sì jọ máa kọ àdéhùn tí Labeebah á máa bá àwọn oníbàárà ṣe: ìdajì owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí kò sí nínú àdéhùn, owó rẹ̀ lọ́tọ̀.

"Ó yá, èmi ni Ọ̀gá," Sherifdeen á wí. "Èló?"

Labeebah á dárúkọ owó. Sherifdeen á tẹjú mọ́ ọn, kò ní sọ̀rọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, Labeebah ò lè fara dà á, á ti já owó lulẹ̀ kí zóbò tó kan ètè. Nígbà tó yá, ó ń gbìyànjú. Wọ́n á máa wo ojú ara wọn láìsọ̀rọ̀ títí yìnyín á fi yọ́ nínú ife. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ gbà wọlé.

Lọ́jọ́ kan, Sherifdeen ò bèèrè owó. Ó ní, "Labeebah, mo fẹ́ fẹ́ ẹ."

Labeebah ń wò ó. Kò sọ̀rọ̀.

Òógùn bo Sherifdeen. "Fọhùn, jọ̀ọ́! Ṣé mo ṣì í sọ ni?"

"Mò ń to ata mi ni," ni Labeebah wí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo gbà, ayọ̀ mi. Mo ti gbà tipẹ́."

Ó lè dákẹ́ níwájú Sherifdeen, nítorí pé ẹ̀rù rẹ̀ ò bà á. Ọ̀tọ̀ ni ti Alhaja, ìyá Sherifdeen, tí àwọn awakọ̀ ẹrù máa ń dọ̀bálẹ̀ kí ní Mile 12.

Ọjọ́ tí Sherifdeen mú un lọ kí wọn, Alhaja gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọmọ mi?"

"Mò ń so kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀, Mà. Ọ́fíìsì wọn ni mo máa ń lọ."

Alhaja ò fèsì. Ọsàn ló ń bó, èèpo rẹ̀ ń gùn sí i, kò já. Ìyá tó jókòó níwájú Labeebah yìí wá dà bí Alhaji Salaudeen lójú rẹ̀.

"Ẹ má ṣèyọnu, Mà," ló bá wí. "Tá a bá ti ṣègbéyàwó, màá fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù yín ni màá máa wá jókòó sí."

Alhaja gbójú sókè. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù sí i." Ó fún un ní ọsàn náà.

Ẹyin lohùn. Sherifdeen sin ín dé ibi tí wọ́n ti ń wọ kẹ̀kẹ́ kó tó lanu.

"Ta lò ń bá nájà, Labeebah? Ọsàn ni màmá mi ń bó!"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Jọ̀ọ́, olólùfẹ́ mi, bá mi sọ fún wọn."

"Ẹnu ẹni la fi ń kọ 'mi ò jẹ'. Tí mo bá bá ẹ kọ̀ ọ́, wọ́n á máa bá ẹ nájà ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ, torí wọ́n á mọ̀ pé o ò lè fọhùn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ká má parọ́, ẹ̀rù wọn ń ba èmi náà."

Bí ọjọ́ ìgbéyàwó ṣe ń sún mọ́lé ni Ọ̀gá Fáṣínà pè. Ó fẹ́ kí Labeebah so gbogbo ibi ìkẹ́rùsí òun pọ̀, láti Mile 12 títí dé òkè Ọya, iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta. Labeebah dárúkọ owó, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ gbágbá. Ọ̀gá kọ́kọ́ kọ̀, ó kérora, ó sì ní òun gbà. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ yìgì ni wọ́n máa tọwọ́ bọ̀wé.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Bó bá yẹ ọ̀rọ̀ tó sọ fún Alhaja, wọ́n lè ní kí ọmọ wọn má fẹ́ elékèé. Bó bá sì mú un ṣẹ, iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ẹni tó jẹ́ ti lọ nìyẹn.

Ọjọ́ yìgì pé, ní pálọ̀ Alhaji Salaudeen ní Ìkòsí. Wọ́n fi Labeebah jókòó síwájú Lèmọ́mù, àwo èso dàbínù kan wà lórí tábìlì kékeré níwájú rẹ̀.

"Ìyàwó," ni Lèmọ́mù wí, "ẹ̀tọ́ rẹ ni sàdáákì. Kí lo fẹ́? Ṣé o sì ní àdéhùn kankan?"

"Kùránì kan, Àfáà." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Àti àdéhùn kan. Kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ."

Pálọ̀ pa lọ́lọ́. Abẹ̀bẹ̀ Alhaja dúró. Alhaji Salaudeen ń wo ilẹ̀.

Gbogbo ẹ̀dínwó ayé ló rọ́ dé ẹnu Labeebah lẹ́ẹ̀kan náà: ìdajì ọ̀sẹ̀ ńkọ́, títí dìgbà tí mo bá lóyún ńkọ́. Ó yára ju dàbínù kan sẹ́nu kí ọ̀rọ̀ náà má bàa ráàyè jáde. Ìdákẹ́jẹ́ náà kò tán. Ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ohun tó máa ṣe, ló bá bọ́ sínú àwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to dàbínù, àwọn tó tóbi lókè, àwọn kéékèèké nísàlẹ̀.

Alhaja ń wo ọwọ́ náà.

"Sherifdeen."

"Mà."

"Ìwọ lo kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Mà."

Alhaja mí kanlẹ̀. "Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó fún mi ní ohun tí mi ò bi í léèrè. Mo gbà á, ta ni wọ́n ń fún ní èènì tí kò ní gbà? Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ní ọmọ tó ń tètè ta ara rẹ̀ lọ́pọ̀ báyìí, ọjọ́ tí ayé bá dojú kọ ọ́, kí ló máa fi di ilé ọmọ mi mú?" Ó yíjú sí Labeebah. "Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ńkọ́? Kó o wá máa bá mi wo ṣọ́ọ̀bù."

Gbogbo ojú padà sára rẹ̀. Labeebah rọra gbé nǹkan kan mì.

"Mo lè wá so kọ̀ǹpútà mọ́ ṣọ́ọ̀bù yín, Mà. Ìdajì owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀."

Ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni Alhaji Salaudeen. Ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀ nínú ilé náà ni, Alhaja sì bá a rín in.

"Mo gbà!" ni Sherifdeen kígbe.

"Mi ò tíì bi ọ́, ọkọ ìyàwó," ni Lèmọ́mù wí.

Nígbà tí wọ́n so yìgì tán, tí wọ́n jẹ́ kí tọkọtaya jókòó pọ̀, Sherifdeen tẹnu bọ̀ ọ́ létí. "Àṣé ẹ̀rù ò bà ẹ́ mọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbé kóró dàbínù mì."

Sherifdeen ò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ lábẹ́ tábìlì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ̀rù ba èmi náà," ló wí.