Ewúrẹ́ Orí Ibojì

Láti ìgbà tí Ayọ̀bọ́lá aya rẹ̀ ti kú, ọ̀tá kan ṣoṣo ni Ọ̀gbẹ́ni Akíntúndé, ọ̀gá ilé-ìwé girama tó ti fẹ̀yìn tì, mọ̀ ní gbogbo Ìjerò: ewúrẹ́ Àlímì, aládùúgbò rẹ̀.

Iwájú ilé ni wọ́n sin obìnrin náà sí. Táìsì pálọ̀ tó ń dán bíi dígí ni bàbá fi bo ibojì rẹ̀, torí pé ibojì kan ládùúgbò dán ju èyí tó kọ́kọ́ ṣe lọ. Ewúrẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Lọ́sàn-án gangan, orí rẹ̀ ló ń sùn sí, orí rẹ̀ náà ló ń ya ìgbẹ́ sí.

"Ẹran burúkú! O ò ríbòmíràn sùn ni?"

Bàbá kò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó ní ọ̀mọ̀wé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lójú èrò. Kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà ayé aya rẹ̀, ohun tó máa ń wí fún un ni, "Máa lọ, mò ń bọ̀." Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ayọ̀bọ́lá á gbé báàgì lé àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á fi gbà á dè é. Bàbá kò dé ibẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó fi ọ̀pá lé ewúrẹ́ náà gun orí ibojì. Ẹsẹ̀ bàbá yọ̀. Ó ṣubú gbì, kò lè dìde.

"Ayọ̀bọ́lá, wá fà mí sókè!"

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí. Ewúrẹ́ dúró lókèèrè, ó ń wò ó, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Joshua, olùkọ́ tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí, ló gbọ́ igbe, tó sáré wá.

"Ọ̀gá, ewúrẹ́ náà lẹ tún ń lé?"

"Ó ń tàbùkù ìyàwó mi!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Màmá kò sí lábẹ́ táìsì. Ọ̀dọ̀ Jésù tí wọ́n sìn ni wọ́n wà. Ẹ̀yin gan-an ni n kò mọ ibi tí ẹ ń lọ."

Bàbá fẹ́ bú u, ẹkún ló jáde. "Joshua, Ọlọ́run ni mò ń bínú sí. Ọwọ́ mi ò tó o, ni mo ṣe ń na ewúrẹ́."

"Ẹ sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Jésù náà sunkún níbi ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí. Ó kú fún ẹ̀ṣẹ̀ wa, ó sì jíǹde; ẹ ké pè é."

Lórí táìsì tútù yẹn ni bàbá ti jẹ́wọ́ ìgbéraga rẹ̀, tó sì ké pe Jésù kó gba òun là.

Ìbànújẹ́ kò tán. Nígbà mìíràn, ó ṣì ń bu oúnjẹ ẹni méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ yá, ọ̀pá tó fi ń lé ewúrẹ́ ló fi ń tilẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó sórí àga tí báàgì aya rẹ̀ máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ewúrẹ́ wà nílé, ó ń sùn lórí ibojì.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, kí ni ìwọ ń lé kiri kí o má bàa sunkún níwájú Ọlọ́run? Ẹni rẹ tó ti lọ kò lè gba àga dè ọ́ mọ́. Jésù ṣì ń dè ọ́. Má tún wí pé, "Mò ń bọ̀." Dìde, wá lónìí.